Kí Iná Ṣíwájú Ayùn

Ẹni tó bá ra ilé ilẹ̀ oníbíríkì ní Chicago, àjà ilẹ̀ wà nínú ohun tó fowó rà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lé ní 80,000 káàkiri ìlú náà, láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1940 ni wọ́n sì kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òtútù ló fa àjà ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Bí omi inú ilẹ̀ bá dì nígbà yìnyín, ilẹ̀ á wú, ìpìlẹ̀ tí kò bá sì jìn, ilẹ̀ tó wú yẹn á máa tì í sókè títí ògiri yóò fi sán. Íńṣì 42 ni ìpìlẹ̀ ń wọlẹ̀ ní Chicago kí dídì náà má baà dé abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbẹ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gbẹ́ ẹ dé ibi tí èèyàn á ti lè dúró nàró, àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyẹn sì kúkú gbẹ́ ẹ débẹ̀. Ilẹ̀ kì í dì ní Ìbàdàn, òun ni ìpìlẹ̀ tiwa kì í fi ní yàrá nínú.

Inú àjà ilẹ̀ yìí ni ọmọ Yorùbá tó ti ní iṣẹ́ ọwọ́ kó tó kó wá sí Amẹ́ríkà ti máa ń ronú àtidá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Èèyàn tó ti ṣe káfíńtà ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, tó wá ń wa ọkọ̀ tàbí tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Chicago, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ayùn. Nílé, abẹ́ igi tàbí abẹ́ páànù létí títì ló ti ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn ń gbé eruku igi lọ, oníbàárà ń kọjá, wọ́n ń kí i. Ní Chicago, ó tó oṣù mẹ́rin sí márùn-ún lọ́dún tí òde kò ṣeé dúró sí, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì tutù débi pé gọ́ọ̀mù kò ní mú igi pọ̀. Abẹ́ ilé ló kù. Ó móoru, ó ṣeé tì, ariwo ibẹ̀ kì í sì í dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò púpọ̀.

Ayùn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Mo lòdì sí i gidigidi. Iná ló yẹ kó ṣíwájú: kí wáyà ti wà lára ògiri, kí bírékà ti wà nínú àpótí, kí gílóòbù ti máa tàn, kó tó di pé ẹ̀rọ kankan gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Ìdí ni pé bí ẹ̀rọ bá ti wà nílẹ̀, èèyàn á fẹ́ lò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Á fa wáyà gígùn láti kíṣìn wá, á ní fún ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni, wáyà yẹn ni yóò sì wà níbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó lè pa ọmọ Nàìjíríà nídìí iná Amẹ́ríkà ni àwọ̀. Nínú ilé tí ọ̀pọ̀ wa dàgbà sí, wáyà pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà, ti ilẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Àwọn ilé tuntun ti ń lo búráùn fún láìfù àti búlúù fún níútírà. Amẹ́ríkà kò bá èyíkéyìí lọ nínú méjèèjì. Dúdú ni láìfù wọn, funfun ni níútírà. Pupa náà láìfù ni, ibi tí láìfù méjì bá ti jọ ń lọ ni ẹ ó ti sábà rí i. Ti ilẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí kọ́pà lásán tí kò wọ rọ́bà. Ẹ wá wo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ iná ní Ìbàdàn fún ogún ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ dúdú sí wáyà tí kì í sábà ta èèyàn. Wáyà tó lè gbẹ̀mí rẹ̀ gan-an ni yóò nawọ́ sí. Bó ṣe mọ iṣẹ́ náà tó ni ọwọ́ rẹ̀ á ṣe yá tó, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa bà mí lẹ́rù. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mú iṣẹ́ náà bọ̀ láti ilé: ẹ má fi àwọ̀ dájọ́. Ẹ fi tẹ́sítà kan gbogbo wáyà, kí ẹ kọ́kọ́ dán tẹ́sítà náà wò lára ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, kí ẹ tún dán an wò níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán.

Nọ́ńbà wáyà náà lọ sódì sí tiwa. Nílé, 1.5 la fi ń wáyà gílóòbù, 2.5 la fi ń wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni wáyà ń nípọn sí i. Ní Amẹ́ríkà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni wáyà ń tín-ín-rín. Nọ́ńbà 14 wà fún bírékà 15 áḿpì, 12 wà fún 20, 10 wà fún 30. Ẹni tó bá ra 14 torí pé ó rò pé ó nípọn ju 12 lọ, tó wá so ó mọ́ bírékà 20, wáyà náà á máa gbóná nínú ògiri, bírékà kò sì ní rí ìdí tí yóò fi já.

Fólítì pẹ̀lú yàtọ̀. Nílé, 230 fólítì ló wà láàárín láìfù àti níútírà. Ní Amẹ́ríkà, láìfù méjì ló ń wọlé láti ìta. 120 fólítì ló wà láàárín níútírà àti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 240 ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ń lo láìfù kan, ẹ̀rọ ńlá ń lo méjèèjì. Bí ẹ bá tú ìdérí àpótí bírékà, ẹ ó rí wáyà méjì yẹn lókè, wọ́n nípọn tó ìka ọwọ́, wọ́n so mọ́ ẹnu bírékà àgbà. Ẹ lè pa bírékà àgbà náà kí gbogbo ilé ṣókùnkùn, kí fíríìjì dákẹ́, kí ọkàn yín sì balẹ̀. Ẹnu ibi tí wáyà méjì yẹn ti wọlé ṣì ní iná lára. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, iléeṣẹ́ iná nìkan ló lè pa á, láti ìta. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni bírékà kéékèèké tò sí lọ́tùn-ún lósì, wáyà dúdú kọ̀ọ̀kan ń jáde lára wọn, àwọn funfun sì kóra jọ sára irin gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òfin ní kí àyè tó fẹ̀ ní íńṣì 30, tó sì jìn ní íńṣì 36, ṣófo níwájú àpótí náà nígbà gbogbo. Ibẹ̀ gan-an ni ojú káfíńtà máa ń lọ bó bá ń wá ibi tí yóò fi pákó tì. Kó wá ibòmíràn.

Òfin tí mo ń sọ yìí, National Electrical Code lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1897 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún un ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù náà, báwo ni iná rẹ̀ ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Ẹ má gbé ìṣirò ilé wá síbí. Púlọ́ọ̀gù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní fíúsì 13 áḿpì nínú, 13 lọ́nà 230 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 wáàtì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà tó wà lórí bírékà 15 áḿpì kò lè gbé ju 1,800 lọ, púlọ́ọ̀gù rẹ̀ kò sì ní fíúsì kankan. Ayùn orí tábìlì tó ní agbára ẹṣin kan àtààbọ̀ lè fa tó áḿpì 15 bó bá wọ inú igi líle. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku lè fa 10 tàbí 12. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà lórí bírékà 20, bírékà á já ní ìdajì pákó.

Ohun tó ń tù mí nínú níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù abẹ́ ilé. Ẹ̀rọ mẹ́wàá lè wà nílẹ̀, ọwọ́ méjì ni ẹni náà ní. Ẹ̀rọ kan àti ẹ̀rọ eruku ni yóò máa ṣiṣẹ́ pọ̀, àti bóyá ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Nítorí náà, èèyàn kò nílò láti sọ àjà ilẹ̀ di iléeṣẹ́. Kí bírékà 20 kan jẹ́ ti ẹ̀rọ, kí òmíràn jẹ́ ti eruku nìkan, kí ẹ̀kẹta jẹ́ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì orí tábìlì iṣẹ́ níbi tí dírílì àti irin tó ń lẹ gọ́ọ̀mù wà. Bí agbára bá wà, kí ẹ̀kẹrin jẹ́ oní-240 fólítì: bírékà 20 lórí 240 ń gbé 4,800 wáàtì, ayùn tó ní agbára ẹṣin mẹ́ta, tó ń fa nǹkan bí áḿpì 13, á sì máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀nà tó dára jù láti kó gbogbo rẹ̀ sójú kan ni àpótí kékeré tó ní bírékà 60 láti inú àpótí àgbà, pẹ̀lú wáyà kọ́pà nọ́ńbà 6. Nínú àpótí kékeré yẹn, níútírà àti wáyà ilẹ̀ kò gbọdọ̀ fara kanra. Inú àpótí àgbà nìkan ni wọ́n ti ń pàdé. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́ẹ̀kejì, iná tó ń padà lọ lórí níútírà á pín ọ̀nà, díẹ̀ á gba ara páìpù, díẹ̀ á gba ara irin ayùn tí ẹ gbọ́wọ́ lé.

Gílóòbù gbọ́dọ̀ ní bírékà tirẹ̀. Mo rí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò ti ka èyí sí, bẹ́ẹ̀ àjà ilẹ̀ ni, fèrèsé rẹ̀ kékeré ni, òkè pátápátá ló sì wà. Bí gílóòbù àti ayùn bá jọ wà lórí bírékà kan, ọjọ́ tí igi líle bá mú kí bírékà já, òkùnkùn á ṣú bìrìbìrì, ayùn náà á sì ṣì máa yí nítorí kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ẹni náà wà nítòsí rẹ̀, kò sì rí i.

Èyí tó tún kàn án ni súìṣì ẹ̀rọ. Káfíńtà Nàìjíríà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ: wọ́n mú iná lọ nígbà tí ayùn ń ṣiṣẹ́, èèyàn fi í sílẹ̀, ó lọ jẹun, wọ́n mú iná dé, ayùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ sì lè ti fara tì í. Súìṣì tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú ni oògùn rẹ̀. Iná ló ń mú un dúró ní títàn. Bí iná bá lọ, ó bọ́ nìyẹn, ẹ̀rọ kò sì ní yí títí ẹnì kan yóò fi wá tẹ̀ ẹ́. Iná kì í sábà lọ ní Chicago, àmọ́ bírékà máa ń já, ẹni tó bá sì sáré lọ gbé e sókè láì kọ́kọ́ pa ayùn á padà wá bá a tó ń yí.

Ilẹ̀ àjà ilẹ̀ kọnkéré ni, ọ̀rinrin kì í sì í tán lára rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ tó di láìfù mú, iná á gba ara rẹ̀ kọjá sílẹ̀. Bírékà kò lè gbà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti lóye bírékà nìyí, wáyà ló ń ṣọ́, kì í ṣọ́ èèyàn. Charles Dalziel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, fi àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ṣe ìdánwò láti mọ iye iná tí èèyàn lè dì mú tí yóò ṣì lè tú ọwọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún ọkùnrin, ó rí i pé bó bá ti tó nǹkan bí 16 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún áḿpì kan, iṣan á ti ká ọwọ́ pọ̀, ọwọ́ kò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ti obìnrin kò tó bẹ́ẹ̀. Bírékà 15 kò ní mira títí iná yóò fi ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní 1961, Dalziel ṣe ohun èlò tí wọ́n ń pè ní GFCI. Ó ń wọn iná tó ń lọ lórí láìfù, ó ń wọn èyí tó ń padà lórí níútírà. Bí èyí tó ń padà bá fi ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún áḿpì kan dín, ó túmọ̀ sí pé iná ti rí ọ̀nà mìíràn gbà, bóyá ara èèyàn, á sì gé e láàárín ìdá kan nínú ogójì ìṣẹ́jú-àáyá.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní bọ́tìnnì méjì lójú, TEST àti RESET, òun ni. Ó ti pẹ́ tí òfin ti fi dandan lé e fún àjà ilẹ̀, àtúnṣe ọdún 2020 sì mú un dé sọ́kẹ́ẹ̀tì 240 fólítì pẹ̀lú. Ẹ máa tẹ TEST lóṣooṣù. Ó yẹ kó dún táá, kí gílóòbù tí ẹ so mọ́ ọn kú. Bí kò bá kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Chicago le ju ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà lọ ní apá kan: inú páìpù irin ni gbogbo wáyà gbọ́dọ̀ gbà. Níbòmíràn, wáyà oní-rọ́bà ni wọ́n kàn ń kàn mọ́ igi lásán. Owó páìpù pọ̀, títẹ̀ ẹ́ sì gba sùúrù, síbẹ̀ mo fara mọ́ òfin yìí fún ṣọ́ọ̀bù níbikíbi. Pákó gígùn kò lè fọ́ ọ, eku kò lè jẹ ẹ́, ọdún mẹ́wàá sí i ni ẹ ṣì lè fa wáyà mìíràn gba inú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nídìí páìpù kì í hàn lójú. Bí ẹ bá fi ayùn gé páìpù, ẹ ti ìka bọ ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ mú bí abẹ. Bí ẹ bá fa wáyà gba ibẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò bó rọ́bà wáyà náà ní gbọọrọ, láìfù á sì kan irin nínú páìpù níbi tí ojú kò lè dé. Ẹ fi ohun ìrẹ́nu tàbí fáìlì yí etí náà ká nínú títí yóò fi dán, ẹ tún fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín àpótí kan sí èkejì, títẹ̀ gbogbo páìpù kò gbọdọ̀ ju òbìrí kan lọ, ìyẹn kọ̀rọ̀ mẹ́rin. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára tí ẹ ó fi fa wáyà náà lè fà á ya.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú, òfin gba onílé láyè láti wáyà ilé tó ń gbé fúnra rẹ̀, bó bá ti gba ìwé àṣẹ. Àwọn ìlú mìíràn kò gbà á àfi oníṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì. Ẹ béèrè kí ẹ tó ra wáyà. Èyí tó wù kó jẹ́, wolé-wolé ìjọba gbọ́dọ̀ wò ó kí wọ́n tó bo ògiri. Àwọn kan ń sá fún un nítorí owó, mo sì mọ̀ pé fún àwa tí a wá láti òkèèrè, òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ohun tí ọkàn ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kó wọlé. Ojú kejì lórí iṣẹ́ iná tó péye ju gbogbo ohun tí ẹ lè fi owó náà rà, bí iná bá sì jó ilé tí kò níwèé, iléeṣẹ́ ìbánigbófò lè rí ibi dì mú láti má san kọ́bọ̀.

Omi ńkọ́? Gọ́tà àtijọ́ ní Chicago ń gbé omi òjò àti ìdọ̀tí ilé pọ̀ nínú páìpù kan. Bí òjò bá pọ̀ jù, omi á gba ihò ilẹ̀ padà wá sínú àjà ilẹ̀. Láti 1975 ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò ńláńlá lábẹ́ ìlú náà láti gba omi yìí, síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2023, àìmọye àjà ilẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú ló kún fún omi. Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, kó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ díẹ̀. Á yọ lókè tábìlì iṣẹ́, á sì yọ lókè pákó pẹrẹsẹ tí ẹ bá fi ti ògiri. Kí ẹ̀rọ ní táyà lẹ́sẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, kí ọ̀rinrin yàrá má ju ìdajì lọ lójú òṣùwọ̀n rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ayùn tí ẹ fi owó gidi rà á dípẹtà lójú yín.

Atẹ́gùn ibẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Eruku igi ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná àti èyí tó ń mú ilé gbóná sábà máa ń wà nínú àjà ilẹ̀, pẹ̀lú iná gáàsì nínú wọn. Ẹ má kun fáníìṣì olóòórùn líle níbẹ̀ láé. Àkísà tí ẹ fi nu òróró linseed máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná, pàápàá bí ẹ bá ká a pọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìta kó gbẹ tàbí kí ẹ rì í sínú omi. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, lábẹ́ ilé ńkọ́? Gáàsì radon, tó ń ti inú ilẹ̀ wọ àjà ilẹ̀, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Lẹ́yìn sìgá, òun ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kò wọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó máa lo wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ nísàlẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ní i lọ́kàn láti kó ẹ̀rọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹténà lọ sílé lọ́jọ́ kan. Iná Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Nàìjíríà jẹ́ 50. Tiransífọ́mà á sọ 230 di 120, kò lè sọ 50 di 60. Dírílì àti ayùn ọwọ́ tó ní káábọ̀n nínú mọ́tò kò bìkítà, tiransífọ́mà tó lágbára tó ti tó wọn. Àmọ́ ayùn orí tábìlì ńlá àti ẹ̀rọ eruku, tí mọ́tò wọn kò ní káábọ̀n, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ìyára wọn ni wọn yóò máa yí, wọn á sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ó gbé e lọ, ẹ wá èyí tó ní mọ́tò onífésì mẹ́ta, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ ìdarí tí wọ́n ń pè ní VFD. Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí wọ́n bá kọ 200–240V, 50/60Hz, oní-fésì kan sí ẹnu ibi tí iná ń bá wọlé, yóò ṣiṣẹ́ lórí iná 240 àjà ilẹ̀ Chicago, yóò sì ṣiṣẹ́ lórí 230 ní Mọ́kọ́lá, tàbí lórí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e.